Omi Gbígbóná Tí Ìyá Mi Kò Fẹ́

Wọ́n gbé ìyá mi gba orí agbami òkun kọjá kí wọ́n lè lọ fi omi gbígbóná hàn án. Ọmọ Èkìtì ni ìyá mi. Tíṣà ni, kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdọọdún ló ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ sí Ikọ̀gòsì láti wo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé ara wọn, ó sì ti ki ẹsẹ̀ bọ omi náà títí ó fi mọ ibi tí òkúta tó ń yọ̀ wà láì wolẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí erékùsù kan ní òkè òkun, inú ìwé àwọn tó ń lọ wo omi gbígbóná ni orúkọ rẹ̀ wà. Èmi, àkọ́bí rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọdún tó kọjá ni, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Òyìnbó, ló ní kí ìyá wa wá bá òun wọ ọkọ̀ òkun afẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé ìyá wa pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Bí àbúrò mi ti ṣàpèjúwe ọkọ̀ náà, "ilé alájà méjìlá tó ń rìn ni." Ó máa ń gúnlẹ̀ sí èbúté kan láàárọ̀, àwọn èrò á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á lọ wo ohun tó wà nílùú náà, wọ́n á sì padà sínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn kì í lọ síbi kan náà. Oníkálukú ló ń yan ibi tó wù ú nínú èyí tí àwọn alákòóso ọkọ̀ tò sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yàn án ṣáájú.

Ní erékùsù tí mo ń sọ yìí, tó jẹ́ ti àwọn Pọtogí, mẹ́ta ni wọ́n tò sílẹ̀. Èkíní, kí bọ́ọ̀sì gbé èèyàn yí ìlú po, kó wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ àti ọjà. Èkejì, kí èèyàn lọ jókòó sínú adágún omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí èèyàn wọ ọkọ̀ kékeré padà sórí òkun lọ wá àbùùbùtán, ẹ̀dá omi tó tóbi ju ilé lọ.

Nínú pálọ̀ ìyá mi, lẹ́yìn àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, la ti yàn án. Mo gbé fóònù ti fíláàsì tíì, kí àbúrò mi lè máa rí wa láti ìlú Òyìnbó. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé ń dún, nítorí náà gbogbo wa ló ń pariwo.

"Mọ́mì," ni àbúrò mi wí, "mẹ́ta ló wà o. Èwo lẹ fẹ́?"

"Èyí tó bá wù yín," ni ìyá mi wí.

"Omi gbígbóná wà níbẹ̀! Bíi ti Ikọ̀gòsì gan-an!"

Èmi náà gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ẹ ò rí i pé á rán yín létí ilé."

Ìyá mi yí ìwé pẹlẹbẹ tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ padà, ó wò ó. "Ìkẹta yìí ńkọ́? Àwọn ta ni wọ́n ṣe é fún?"

"Àwọn ọ̀dọ́ ni, Mọ́mì," ni mo wí. "Ọkọ̀ kékeré ni. Ó máa ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n lórí omi. Orúnkún yín ò lè gbà á."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá mi wí. Ó ká ìwé náà sí méjì. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin náà á jẹ oúnjẹ ọmọ."

Àbúrò mi tẹ fọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó parí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo ti ṣe iṣẹ́ oníròyìn fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bí ọ̀dọ́ kan bá wọ ibi iṣẹ́ wa, ohun kan ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún un: bí o bá ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn wa lẹ́nu wò, bi í lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdáhùn àkọ́kọ́, ọ̀wọ̀ ni. Ìkejì, ó ń wò ọ́ bóyá o fẹ́ gbọ́ lóòótọ́. Ìkẹta ni ọ̀rọ̀. Mo rántí ìyá àgbà kan tí iná jó abà rẹ̀. Mo bi í pé kí ló sọnù, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun." Mo tún bi í, ó ní, "Kò burú, ọmọ mi, ẹ̀mí ló ṣe kókó." Mo jókòó tì í lórí àpótí, mo ní, "Mà, kí ló wà nínú abà náà gan-an?" Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣu tó tò sí apá ọ̀tún, ó kà á dé orí bàtà ọkọ rẹ̀ tó ti kú.

Kì í ṣe ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni. Bí a bá bá wọn nídìí iyán nílé ẹlòmíì nígbà tí a wà ní kékeré, tí wọ́n ní "Ẹ wá jẹun," a gbọ́dọ̀ ní a ti yó. Bí wọ́n bá tún ní ẹ wá, a ó ní ẹ má ṣèyọnu. Ìgbà tí wọ́n bá pè wá lẹ́ẹ̀kẹta la lè wo ojú ìyá wa. Bó bá mi orí, a ó lọ fọwọ́. Àbúrò mi máa ń sunkún lójú ọ̀nà bí onílé bá pè lẹ́ẹ̀méjì péré. Àwa ọmọ tí wọ́n tọ́ bẹ́ẹ̀ la wá jókòó níwájú ẹni tó tọ́ wa, a bi í lẹ́ẹ̀kan, a sì gbé ìdáhùn rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà.

Ọjà Ọba ni àṣírí ti tú.

Ìyá mi ti wà lórí omi fún ọjọ́ mẹ́fà nígbà náà. Ó kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ díẹ̀, mo wà ní ìlà àwọn ẹlẹ́wà, mo gbọ́ tí ẹnì kan pè mí lẹ́yìn.

"Oníròyìn! Ìròyìn wo lo ní fún mi?"

Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni. Òun náà jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Kíláàsì òun àti ti ìyá mi jọ fara kan ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìyìn. Ó tẹríba sórí àwo ẹ̀wà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà tí kò tíì rà. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí àyè ọjà ti mọ.

"Ẹ kú ọjà, Mà. Àlàáfíà lọ̀rẹ́ yín wà. Ọ̀la ni wọ́n ń gúnlẹ̀ sí erékùsù Pọtogí."

"Ọ̀la!" Ó pàtẹ́wọ́, ẹ̀wà fọ́n ká. "Ọ̀la ló máa rí àbùùbùtán náà nìyẹn!"

"Àbùùbùtán kẹ̀, Mà? Omi gbígbóná ni wọ́n ń lọ wò."

Ó nàró. "Omi kí ni?"

"Gbígbóná, Mà. Bíi ti Ikọ̀gòsì."

Bí inú bá ń bí ọ̀rẹ́ ìyá mi, èdè ilé ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé omi gbígbóná tán ní ulé ni?" Ó yíjú sí ẹlẹ́wà. "Ìyá ẹlẹ́wà, ẹ gbọ́ o. Wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi lọ sí ìdí ayé lọ wo omi gbígbóná."

"Wọn ò gbé kúlíkúlí lọ fún Tápà pẹ̀lú?" ni ẹlẹ́wà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Kò sọ fún yín ni?" ni ọ̀rẹ́ ìyá mi bi mí.

"Wọ́n ní èyí tó bá wù wá ni, Mà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ bi í?"

Mo ń wo bàtà mi. "Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan! Ìwọ tó jẹ́ pé ìbéèrè lo fi ń jẹun!"

Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tó sọ fún mi sílẹ̀ bó ti sọ ọ́. Mo fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi kọ ohun tí mo fẹ́ rà, níbẹ̀ gan-an, láàárín ẹ̀wà àti gààrí:

"Àwòrán kan wà lára ògiri kíláàsì ìyá rẹ. Àbùùbùtán ni, tó gbé ìrù sókè, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí igbá. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ pé kì í ṣe ẹja o, ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, ó ń mí bíi tiwa. Ọmọbìnrin kan wá dìde, ó ní, 'Tíṣà, ṣé ẹ ti rí i rí?' Ìyá rẹ ní rárá. Ọmọ yẹn ní, 'Ta ló wá sọ fún yín pé ó wà?' Ẹ̀rín sọ nínú kíláàsì, èmi gbọ́ ọ láti kíláàsì mi. Ìwọ náà mọ ìyá rẹ. Kò na ọmọ náà. Ó ní, 'O ṣeun. Ọjọ́ tí mo bá rí i, màá wá sọ fún ẹ.' Àwọn ọmọ yẹn ti ní ọmọọmọ báyìí. Ṣé o kì í gbọ́ wọn ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni? 'Tíṣà, ẹja dà?' Òun náà á ní, 'Kì í ṣe ẹja!'"

Mo ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ Ìsinmi kì í lọ kí n má gbọ́ ọ. Àwọn àgbàlagbà tó ti ń fi ọ̀pá rìn á dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní "Tíṣà, ẹja dà?", wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mi ò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí.

"Kó tó lọ," ni ọ̀rẹ́ ìyá mi wí, "ó mú ìwé tí ẹ fún un wá sílé mi. Ó fi ìka lé àwòrán yẹn. Ó ní, 'Ọ̀rẹ́ mi, wò ó. Ó wà lóòótọ́, wọ́n ń mú èèyàn lọ wò ó.'"

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa, Mà?"

"Kó sọ fún yín pé òun fẹ́ wọ ọkọ̀ kékeré lọ sáàárín òkun? Ìwọ tí o ò jẹ́ kó gun ọ̀kadà láti Adébáyọ̀ wá síbí? Kó lè gbọ́ orúnkún, orúnkún?" Ó fi ọwọ́ tì mí léjìká. "Máa lọ. Ẹ̀wà ò ní sá."

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìrìn àjò nínú ọkọ̀ náà máa ń tì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ aago tiwọn, tí í ṣe aago méje tiwa. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ tó bá wà níbì kan, ibẹ̀ ló wà. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ láàárọ̀, á sì gbéra ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi kò tún ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́ láyé yìí.

Mo pè láti ọjà, kò wọlé. Ojú ọ̀run ti dúdú láti apá Ìkẹ́rẹ́, nígbà tó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ọjà Ọba máa ń ṣe bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò sá sí. Mo pe ọ̀kadà. Bàbá tó gbé mi ní, "Alàgbà, òjò ń bọ̀ o." Mo ní kó máa lọ. Òjò bá wa ní ìdajì ọ̀nà. Nígbà tí mo fi gun àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ wa ní Adébáyọ̀, níbi tí fèrèsé ẹ̀yìn ti máa ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa, omi ń kán lára mi bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì bọmi.

Àbúrò mi gbé e ní ìgbà kẹrin. Ó wà lórí àga gbọọrọ, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìgò ojú sórí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ilé. Kí ló dé tí ẹ rin gbingbin báyìí?"

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo bi Mọ́mì nípa ọ̀rọ̀ ọ̀la?"

"Ọ̀rọ̀ ọ̀la wo? Omi gbígbóná? Ẹ ṣáà wà níbẹ̀ nígbà tí mo bi wọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Ó bọ́ ìgò kúrò lórí. Mo rí i pé ó ti rántí. Ọmọ tó máa ń sunkún lójú ọ̀nà nídìí ìpè ẹ̀ẹ̀kẹta kò lè gbàgbé. "Ẹ̀ẹ̀kan," ni ó wí. "Yéè."

Mo ro gbogbo ohun tí mo gbọ́ fún un. Ó ní ọkọ̀ kékeré náà ti kún, òun rí i lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ní òun ni nọ́ọ̀sì, òun ló mọ orúnkún. Ó ní bí ohunkóhun bá ṣe ìyá wa lójú òkun, ẹnu wo ni àwọn yóò fi sọ ọ́? Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, mi ò sì jiyàn. Mo ní kó gbé fóònù fún ìyá wa.

Ìyá mi wà nínú yàrá, ó ń hun nǹkan. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bo ẹsẹ̀. "Ọmọ mi, kí ló ṣe ọ́ tí o rin báyìí?"

"Òjò ni, Mà. Mọ́mì, lọ́la, kí lẹ fẹ́ lọ wò?"

"A ti yàn án náà. Ó dára bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Kí lẹ fẹ́ lọ wò?"

"Ẹ má da ara yín láàmú nítorí tèmi. Ibi tí ẹ bá mú mi lọ, mo ti dé."

Mo fi aṣọ nu ojú. Àbúrò mi di fóònù mú, mo rí ìka rẹ̀ létí àwòrán. 

Mo ní, "Tíṣà, ẹja dà?"

Ìyá mi gbé ohun tó ń hun sílẹ̀.  Ohùn tíṣà ló fi dáhùn: "Kì í ṣe ẹja." Ó wá ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹlẹ́rìí kan ní Ọjà Ọba, Mà. Ó ní kí n má dárúkọ òun."

"Ọ̀rẹ́ mi ní èmi ni màá sin òun, àmọ́ wọn ò ní rí pósí tó gba ẹnu rẹ̀ yẹn." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi etí bùláńkẹ́ẹ̀tì nu ojú. "Mo fẹ́ lọ," ni ó wí. "Bí wọ́n bá gbà mí. Mo fẹ́ lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Mọ́mì?" ni àbúrò mi wí.

"Ara yín ti yá sí i. Inú yín ń dùn. Ṣé kí n wá bà á jẹ́ ni?" Ó tún gbé ohun tó ń hun. "Ẹ jẹ́ kí n wá sọ òótọ́ fún yín. Omi gbígbóná, iṣẹ́ ni lójú mi. Gbogbo ìgbà tí mo dé Ikọ̀gòsì, orí ni mo ń kà. Ogójì ọmọ wọ inú omi, ogójì ọmọ gbọ́dọ̀ jáde. Bí ẹ bá gbé mi dé ti Pọtogí yẹn lọ́la, màá kàn jókòó sínú omi ni, màá máa ka orí àwọn Òyìnbó."

Bí àbúrò mi ti ń sáré ni fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí òrùlé, mo rí kápẹ́ẹ̀tì, mo rí ẹsẹ̀ ìyá mi tó ń tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ní ọ́fíìsì ìrìn àjò, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun ló dá wọn lóhùn. Ó ní ọkọ̀ kékeré ti kún. Ó ní kí wọ́n dúró ná. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní tọkọtìyàwó kan wà tí wọ́n ti gba àyè nínú ọkọ̀ kékeré, tí wọ́n wá sọ láàárọ̀ pé ẹ̀rù omi ń ba àwọn, àwọn ìbá kúkú lọ síbi omi gbígbóná bí àyè bá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní bí ìyá mi àti àbúrò mi bá fi tiwọn sílẹ̀ fún wọn, òun á pe tọkọtìyàwó náà ní yàrá wọn, kí òun gbọ́ bóyá ọkàn wọn ò tíì yí padà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bi ìyá àgbà ní ìbéèrè díẹ̀ ná. Òfin ọkọ̀ kékeré ni.

Ó bi í ní ti ẹ̀yìn. Ìyá mi ní ẹ̀yìn òun le. Ó bi í ní ti ọkàn. Ó bi í ní ti orúnkún. Àbúrò mi ló dáhùn, ó sọ òótọ́, obìnrin náà ní àga tó rọ̀ wà nídìí ọkọ̀, wọn kì í jẹ́ kí irú wọn dúró síwájú. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ìyá mi ní, "Kí ló wí?"

Àbúrò mi ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọmọ mi," ni ìyá mi sọ sínú fóònù fún mi, "ó ní ṣé mo lóyún."

"Ẹ dá a lóhùn, Mà. Òfin ni."

"Sọ fún un," ni ìyá mi wí fún àbúrò mi, "pé kó fún mi ní oṣù kan sí i ká fi wò ó."

Ẹ̀rín obìnrin aláṣọ funfun náà ni ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn. Ààrá sán lórí Adébáyọ̀, iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ pẹ̀lú iná.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún wákàtí kan ó lé díẹ̀. Mo ti dúró de èsì ìbò rí, mo ti dúró de ìdájọ́ ilé ẹjọ́ rí, mi ò rántí èyí tó gùn bẹ́ẹ̀. Omi ń ṣàn nínú gọ́tà nísàlẹ̀. Mo ń ronú pé bí tọkọtìyàwó yẹn bá sọ pé àwọn ti borí ẹ̀rù àwọn ńkọ́? Mo ń ronú pé ohun tó burú ni pé ìyá mi ti wá sọ ọ́ jáde báyìí. Kí a má mọ̀ sàn ju kí a mọ̀, kó má wá ṣeé ṣe.

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fóònù gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àbúrò mi kọ: "Wọ́n ti gbà." Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwòrán ìwé kékeré kan tí wọ́n kọ orúkọ ìyá mi sí, àwòrán ìrù àbùùbùtán wà ní igun rẹ̀. Mo fi orí lé tábìlì. 

Mo pe ọ̀rẹ́ ìyá mi. Mo ní, "Mà, wọ́n ti gbà á." Ó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀." Ó wá ní, "Mo ti bá ọ ra ẹ̀wà náà. Mo sì ti ṣa á."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mi ò sí níbẹ̀, nítorí náà ẹnu ẹlẹ́rìí ni mo gbà á. Ìyá mi sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì yí nǹkan kan padà:

"Wọ́n wọ̀ wá ní ẹ̀wù tó ń léfòó, mo rí bí ìyá ọ̀pọ̀lọ́. Omi gbé wa sókè, ó sọ wá sílẹ̀. Àbúrò rẹ, nọ́ọ̀sì, bì. Ó bì, ó tún bì. Èmi ni mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, èmi tí ẹ ní n kò lè lọ. Lẹ́yìn wákàtí kan a ò rí nǹkan kan, mo ti ń sọ fún ọkàn mi pé kò burú, mo ti wá. Ìgbà náà ni ọkùnrin tó ń tukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní ká dákẹ́. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ó mí. Fúú! Bí ẹni tó gbé ẹrù kalẹ̀. Mo sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé ó ń mí bíi tiwa, àmọ́ inú ìwé ni mo ti kà á. Ó ń mí lóòótọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ó ń dán bí ọ̀nà ọ̀dà tí òjò rọ̀ sí. Ó wà níbẹ̀, kò kánjú. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí wálẹ̀, ó gbé ìrù sókè bó ṣe wà lára ògiri mi gẹ́lẹ́, ó sì wọlé lọ."

"Ẹ sunkún, Mà?"

"Omi òkun ló ta sí mi lójú."

Mo wo àbúrò mi lójú fóònù. Ó mi orí: irọ́ ni.

"Orí ńkọ́?" ni mo bi í. "Ẹ ka orí?"

"Mi ò ka orí ẹnikẹ́ni," ni ìyá mi wí. "Ẹnikẹ́ni tó bá ṣubú sómi lọ́jọ́ yẹn, ara rẹ̀ ló ṣe."

Nígbà tó padà dé Adó, ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ ni mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan tó ti ní ewú lórí, tí mo ti mọ̀ láti kékeré, tí n kò sì mọ̀ pé òun ni ọmọ tó dìde nínú kíláàsì lọ́jọ́ náà, yà sọ́dọ̀ wa. Ó ń rẹ́rìn-ín kó tó dé. "Tíṣà, ẹja dà?"

Ìyá mi dúró. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú dáadáa. "Kì í ṣe ẹja," ni ó wí. "Mo rí i. Mo wá sọ fún ẹ."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kò bèèrè ta ló sọ.

Ó ku ohun tí àwọn elétò ọkọ̀ kékeré náà sọ. Wọ́n ní ìrù àbùùbùtán kan kì í jọ ti èkejì, bí ìlà ìka ọwọ́ èèyàn kì í ti í jọra. Wọ́n ya àwòrán èyí tí ìyá mi rí, wọ́n sì ti fi sínú ìwé tí wọ́n ń tọ́jú. Nígbàkigbà tí ọkọ̀ wọn bá tún pàdé rẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó rí i lọ́jọ́ yẹn, ibi yòówù kí onítọ̀hún máa gbé. Ìyá mi kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ lẹ́yìn Adébáyọ̀ sílẹ̀ fún wọn, ó sì fi nọ́ńbà fóònù mi kún un. Ó bi ọkùnrin tó ń tukọ̀ bóyá òótọ́ ni pé wọn yóò ránṣẹ́. Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi í, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ọkùnrin náà ní ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí omi bá ti ń móoru, ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í retí wọn.